Omi ni ká gbọ́kàn lé, àbí oòrùn? Ìdáhùn fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ọ̀fà

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ lórí rédíò pé ní Zambia, níbi tí wọ́n ti ń fi omi dáàmù ṣe iná, àwọn àdúgbò kan ń rí iná fún wákàtí mẹ́ta péré lóòjọ́ ní 2024 nítorí pé òjò kò rọ̀. Ìpínlẹ̀ wa yìí ni Jẹ́bà wà, Kainji náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà. Ṣé kì í ṣe ohun tó ń bọ̀ wá bá àwa náà nìyẹn? Àwa obìnrin tó ń ta ẹja yìnyín ti dá owó jọ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa láti ra sólà fún fíríísà. Àwọn kan ní ká má ná owó náà, pé dáàmù Zungeru ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, iná yóò pọ̀ sí i. Nínú omi àti oòrùn, èwo ló ṣeé gbọ́kàn lé bí ojú ọjọ́ ṣe ń yí padà yìí? Báwo sì ni àwọn onímọ̀ ṣe ń mọ̀ ọ́n?"

Ìdáhùn: Ẹ ṣé o, àbúrò mi. Ẹ bá mi kí gbogbo ẹgbẹ́. Kí n má fọ̀rọ̀ falẹ̀: ẹ ra sólà yín. Ṣùgbọ́n ẹ má torí pé oòrùn ṣeé gbọ́kàn lé ju omi lọ rà á. Oòrùn náà ní oṣù tó máa ń ṣe ìmẹ́lẹ́ lọ́dọ̀ wa, màá dé orí ìyẹn. Ohun tó yẹ kí ẹ máa bi ẹnikẹ́ni tó bá wá polówó iná fún yín, ì báà jẹ́ gómìnà, ì báà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta pánẹ́ẹ̀lì, ni pé: oṣù wo ni tiyín máa ń kù díẹ̀ káàtó, kí ni yóò sì gbè é lẹ́sẹ̀ lóṣù náà?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Zambia, nítorí ohun tí rédíò sọ fún yín kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀. Zambia àti Zimbabwe ló jọ sé odò Zambezi ní Kariba. Láti ìgbà tí wọ́n ti mọ ògiri rẹ̀ tán ní 1959, kò sí adágún àtọwọ́dá mìíràn láyé tó gba omi tó o. Bó bá kún, omi inú rẹ̀ tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 180 kúbíìkì mítà. Ẹni tó bá gbọ́ iye yẹn á rò pé omi ibẹ̀ kò lè tán láéláé. Àmọ́ ihò tí omi ń gbà wọ inú ẹ̀rọ kò sí nísàlẹ̀ pátápátá. Bí ojú omi bá ti rẹlẹ̀ dé mítà 475.5 sí ojú òkun, ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ gba omi mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé adágún rẹpẹtẹ tí ọkọ̀ ń rìn lórí rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ògiri. Bó bá kún bámúbámú, mítà 488.5 ló máa dé. Mítà 13 tó wà láàárín méjèèjì nìkan ni omi tó ń di iná. Ní ìparí oṣù Kọkànlá 2022, ohun tó kù nínú mítà 13 yẹn kò tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ni àjọ tó ń bójú tó odò náà bá ní kí apá Zimbabwe dáwọ́ iná ṣíṣe dúró. Nígbà tó fi di 2024, El Niño, ìyẹn ìgbà tí ojú òkun Pàsífíìkì bá gbóná kọjá bó ṣe yẹ, ti dí òjò lọ́nà ní gúúsù Áfíríkà. Ààrẹ Hakainde Hichilema kéde ọ̀dá náà gẹ́gẹ́ bí àjálù orílẹ̀-èdè ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì. Bí ẹ bá sì rántí pé ó lé ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún iná Zambia tó ń wá láti inú omi, wákàtí mẹ́ta yẹn kò ní yà yín lẹ́nu mọ́.

Kì í ṣe pé wọ́n jókòó tẹtẹrẹ o. Wọ́n ń kọ́ dáàmù tuntun ní gbogbo àkókò yẹn. Odò Kafue ni wọ́n kọ́ ọ sí, níbi tí dáàmù àgbà kan ti wà tẹ́lẹ̀, Kafue Gorge, tó lè ṣe mẹ́gáwáàtì 990. Èyí tuntun wà nísàlẹ̀ rẹ̀, mẹ́gáwáàtì 750, iṣẹ́ parí lórí rẹ̀ ní 2023. Omi tó bá ti inú ẹ̀rọ òkè jáde ni ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ ń lò. Odò Kafue fúnra rẹ̀, inú Zambezi ló ń ṣàn sí. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀dá dé, omi Kariba ń fà, ti Kafue náà ń fà. Owó tuntun ni wọ́n ná, ewu àtijọ́ ni wọ́n fi rà.

Ẹnì kan ti kìlọ̀. Declan Conway, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń ṣèwádìí nípa omi àti ojú ọjọ́ ní London School of Economics, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature Energy ní 2017. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́, nítorí òun ni ìdáhùn sí "báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n". Wọn kò sọ àsọtẹ́lẹ̀ kankan nípa ọdún tí ọ̀dá yóò dé. Wọ́n kó àkọsílẹ̀ òjò ọ̀pọ̀ ọdún ní ìlà oòrùn àti gúúsù Áfíríkà jọ, wọ́n wá bi í léèrè pé: àwọn ibo ni òjò wọn jọ máa ń pọ̀, tí ó sì jọ máa ń dín? Wọ́n pín ilẹ̀ náà sí agbo-agbo bẹ́ẹ̀, agbo kan fún ibi tí òjò rẹ̀ bára mu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé gbogbo dáàmù lé e, èyí tó ti wà àti èyí tí àwọn ìjọba fẹ́ kọ́, wọ́n sì kà á. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí wọ́n bá kọ́ gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀, tó bá fi di 2030, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún agbára iná omi ìlà oòrùn Áfíríkà yóò wà nínú agbo òjò kan ṣoṣo. Ti gúúsù yóò jẹ́ ìdá 59.

Ẹ̀yin tó ń ta ẹja ni ọ̀rọ̀ yìí máa tètè yé. Bí ogún obìnrin nínú ẹgbẹ́ yín bá ń gba ẹja, tí gbogbo wọn sì ń gbà á lọ́wọ́ alágbàtà kan ṣoṣo ní Èkó, ogún ìsọ̀ ni ọjà ń rí, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọkọ̀ alágbàtà yẹn bá bàjẹ́ lọ́nà, gbogbo ogún ìsọ̀ ló máa ṣófo.

Ìwádìí yẹn ní apá kan tó dára pẹ̀lú. Ọdún El Niño tó ń gbẹ gúúsù Áfíríkà, ó sábà máa ń mú òjò púpọ̀ bá ìlà oòrùn ní oṣù Kẹwàá sí Kejìlá. Èyí ni pé bí wáyà tó nípọn bá so Kenya àti Tanzania mọ́ Zambia, ẹni tí òjò ṣe lóore lè ta iná fún ẹni tí òjò kọ̀. Ojú ọjọ́ kan náà ló ń pa ọ̀kan tó ń gbe èkejì. Lójú tèmi, wáyà yẹn wúlò ju dáàmù tuntun méjì lọ, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí olóṣèlú tó máa gé ríbọ́nù níwájú òpó wáyà.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sílé. Mẹ́rin ni dáàmù ńlá tó ń ṣe iná fún Nàìjíríà: Kainji, mẹ́gáwáàtì 760, tí wọ́n ṣí ní 1969, Jẹ́bà tiyín, 578, Shiroro, 600, àti Zungeru tí wọ́n ń sọ yìí, 700. Bí ẹ bá kà wọ́n lórí ìwé, mẹ́rin ni. Bí ẹ bá kà wọ́n lójú odò, méjì ni. Kainji wà lórí Odò Ọya, Jẹ́bà wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lórí odò kan náà, omi tí Kainji bá fi sílẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tí Jẹ́bà ń rí lò. Shiroro wà lórí odò Kàdúná, Zungeru wà nísàlẹ̀ rẹ̀, lórí odò Kàdúná náà. Nítorí náà, fún àwọn tó ní Zungeru ti dé, kí ẹ má ra sólà mọ́: ohun rere ni Zungeru, inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n ọdún tí òjò bá kọ̀ láti rọ̀ lórí òkè Jọ́ọ̀sì níbi tí odò yẹn ti ṣẹ̀, Shiroro àti Zungeru ló jọ máa gbààwẹ̀. Àti pé bí iná Zungeru bá tilẹ̀ kún, wáyà kan náà tó ń já lulẹ̀ lójoojúmọ́ ló máa gbé e dé Ọ̀fà.

Odò Ọya dára ju odò Kàdúná lọ lọ́nà kan tí kì í hàn sí ẹni tó bá kàn ń wo mẹ́gáwáàtì. Ó máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kó tó dé Kainji. Àkọ́kọ́ ni àwọn onímọ̀ omi ń pè ní àkúnya funfun. Òjò ìtòsí ló ń mú un wá, èyí tó rọ̀ ní Sókótó, Kébbí, àríwá orílẹ̀-èdè Benin àti gúúsù orílẹ̀-èdè Niger. Ó máa ń dé láàárín oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá, omi rẹ̀ rú, ẹrẹ̀ kún inú rẹ̀. Èkejì ni àkúnya dúdú, òun ló sì ń yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Orí òkè Fouta Djallon ní Gínì ni òjò rẹ̀ ti rọ̀. Omi náà gba Málì kọjá, ó tàn sínú irà ńlá kan tó wà láàárín Ségou sí Timbuktu, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, oòrùn ń fà á mu, apá tó pọ̀ gan-an nínú rẹ̀ kì í jáde mọ́. Èyí tó bá jáde ti da ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó ti mọ́ gaara, ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi dúdú. Láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ló ń dé Kainji, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú gan-an lọ́dọ̀ wa. Òjò tó rọ̀ sórí òkè ní Gínì lóṣù Kẹjọ wà lára ohun tí ẹ fi ń tan iná l'Ọ́fà lóṣù Kejì. Bí Gínì bá rí òjò tí Sókótó kò rí, Kainji ṣì lè rí nǹkan jẹ. Irú ìpínkiri ewu tí Conway ń wá kiri nìyẹn, odò náà ti ń ṣe é fúnra rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bí ẹ̀rọ iná.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí kò lè kùnà. Àwọn tó ṣètò Kainji wo bí odò ṣe ń ṣàn ní àwọn ọdún 1950 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1960. Ọdún olómi ni àwọn ọdún yẹn. Láti 1964 sí 1968 ni wọ́n fi kọ́ ọ, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí òjò gbogbo ilẹ̀ Sàhẹ́lì, ìyẹn ilẹ̀ gbígbẹ tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, bẹ̀rẹ̀ sí í dín, ó dín fún nǹkan bí ogún ọdún. Ní oṣù Kẹfà 1985, Odò Ọya fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ ṣíṣàn dúró ní Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger, àwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn níbi tí ọkọ̀ ojú omi máa ń kọjá. Wọ́n ti ṣètò àyè ẹ̀rọ 12 sí Kainji, ẹ̀rọ 8 ló wọ ibẹ̀ títí di òní. N kò dá àwọn ẹnjiníà yẹn lẹ́bi. Ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ ni wọ́n fi wọ̀n. Àmọ́ ẹni tó bá tún fi àkọsílẹ̀ ogún ọdún tó rọ̀ dáadáa ṣètò dáàmù lónìí, a máa dá a lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ ká gbàgbé pé àwọn mìíràn wà lókè odò tó ń fẹ́ lò ó. Orílẹ̀-èdè Niger ń kọ́ dáàmù tirẹ̀ ní Kandadji, omi tó bá dá dúró níbẹ̀ fún oko àti iná kò ní tètè dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọ̀rọ̀ oṣù tí mo ṣèlérí wá nìyí. Adágún Kainji máa ń ga jù nígbà tí àkúnya dúdú bá wọlé tán, ní nǹkan bí oṣù Kejì. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lò ó, kò sí omi tuntun tó ń wọlé tó bẹ́ẹ̀, títí tí yóò fi rẹlẹ̀ jù ní oṣù Keje wọ Kẹjọ, kí àkúnya funfun tó dé. Ẹ wá wo oòrùn. Nílẹ̀ Yorùbá, oṣù wo ni ìkùukùu máa ń bo ojú ọ̀run jù? Oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ ni. Òjò lè dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, ṣùgbọ́n oòrùn kì í yọ dáadáa, ojú ọjọ́ á ṣú dùdù, á tutù, aṣọ tí ẹ sá kò ní gbẹ bọ̀rọ̀. Oòrùn tí pánẹ́ẹ̀lì ń rí láàárín oṣù méjèèjì yìí máa ń dín sí ti oṣù Kẹta ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Nítorí náà, bí ìjọba kan bá ní dáàmù Odò Ọya lòún fi ṣe ọwọ́ ọ̀tún, sólà orí òrùlé Èkó àti Ìbàdàn lòún fi ṣe ọwọ́ òsì, ọwọ́ méjèèjì ló máa rọ lóṣù kan náà. Bí wọ́n bá gbé pánẹ́ẹ̀lì ńlá sí Sókótó tàbí Kátsínà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Lóòótọ́ òjò ń rọ̀ níbẹ̀ náà lóṣù Kẹjọ, ṣùgbọ́n yóò rọ̀ tán, oòrùn yóò sì là. Oòrùn tí wọ́n ń rí lóṣù yẹn pọ̀ ju ti Èkó lọ dáadáa. Ìṣòro ibẹ̀ ni wáyà. A tún padà sórí wáyà, ẹ má bínú.

Gáàsì ńkọ́? Òun ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iná wa, kò sì bìkítà bóyá òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀. Tirẹ̀ ni páìpù tí wọ́n ń fọ́ àti gbèsè tí wọn kì í san. Ìyẹn fẹ́ lẹ́tà tirẹ̀.

Ohun kan tí ìbéèrè yín kò kàn rárá ni omi tó pọ̀ jù. Àyípadà ojú ọjọ́ kì í mú ọ̀dá nìkan wá. Ayé tó ń gbóná ń mú kí òjò tó bá rọ̀ máa rọ̀ wìtìwìtì. Omíyalé 2022 pa èèyàn tó lé ní 600 ní Nàìjíríà, ó lé àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan kúrò nílé. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, dáàmù Alau já, omi bo apá tó pọ̀ ní Maiduguri. Níhìn-ín, ẹ bi àwọn ará Ìṣẹ́rí ní etí odò Ògùn ohun tí ojú wọn ń rí bí dáàmù Ọ̀yán bá ń tú omi sílẹ̀ láàárín oṣù Kẹsàn-án sí Kọkànlá. Dáàmù yẹn, tí wọ́n ṣí ní 1983, fi ìṣòro àwọn aṣètò hàn kedere. Ẹni tó fẹ́ fi ṣe iná, tó sì fẹ́ fún Abẹ́òkúta lómi mu, fẹ́ kó kún. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ odò fẹ́ kí àyè ṣófo nínú rẹ̀ kí òjò ńlá tó dé. Omi kan ni, kò lè ṣe méjèèjì. Ó tún bani nínú jẹ́ pé ẹ̀rọ iná mẹ́ta, mẹ́gáwáàtì mẹ́ta-mẹ́ta, ni wọ́n gbé síbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá lórí wọn láìṣiṣẹ́. Ewu dáàmù ni wọ́n ń jẹ, wọn kò jẹ èrè iná rẹ̀.

Ẹ bi mí pé báwo ni onímọ̀ ṣe ń ṣètò bí ọ̀la kò bá dájú. Àwọn kọ̀ǹpútà tó ń ṣe àfarawé ojú ọjọ́ ayé fohùn ṣọ̀kan lórí ooru: yóò pọ̀ sí i. Lórí òjò ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, wọn kò fohùn ṣọ̀kan. Àwọn kan ní yóò pọ̀, àwọn kan ní yóò dín. Aṣètò tí kò mọ iṣẹ́ á mú ọ̀kan tó wù ú nínú wọn. Èyí tó mọ iṣẹ́ á mú gbogbo wọn, á gbé ètò rẹ̀ la inú wọn kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan: bí òjò bá dín báyìí, ṣé ilé ìwòsàn ṣì ní iná? Bó bá pọ̀ báyìí, ṣé ògiri dáàmù á gbà á? Ètò tó ṣe dáadáa díẹ̀ nínú gbogbo wọn ló máa mú, á fi èyí tó dára jù nínú ọ̀kan ṣùgbọ́n tó ṣubú nínú mẹ́ta sílẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa wà ní Gánà. Ní Bui, lórí odò Volta Dúdú, dáàmù kan wà tó lè ṣe mẹ́gáwáàtì 404. Wọ́n tẹ́ pánẹ́ẹ̀lì mẹ́gáwáàtì 50 sílẹ̀ nítòsí rẹ̀, wọ́n tún gbé díẹ̀ léfòó sójú omi. Lọ́sàn-án tí oòrùn bá yọ, sólà á gbé iṣẹ́, wọ́n á dín omi tí ẹ̀rọ ń lò kù, adágún á dúró. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí gbogbo èèyàn tanná, wọ́n á ṣí omi sílẹ̀. Dáàmù ti di bátìrì. Sebastian Sterl àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Brussels ṣe ìṣirò irú èyí fún gbogbo ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, wọ́n gbé e jáde ní 2020: bí a bá ń lo omi láti gbe oòrùn àti afẹ́fẹ́ lẹ́sẹ̀ dípò kí dáàmù kọ̀ọ̀kan máa dá ṣe tirẹ̀, gáàsì tí a ó máa sun yóò dín gan-an. Kainji àti Shiroro lè ṣe irú iṣẹ́ yìí lọ́la bí wọ́n bá fẹ́. Láti 2023 tí òfin iná mànàmáná tuntun sì ti fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti ṣètò iná tiwọn, kò sí ìdí tí Kwara kò fi ní jókòó pẹ̀lú àwọn tó ni Jẹ́bà, kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ nípa pánẹ́ẹ̀lì lẹ́bàá ibẹ̀.

Ó ku fíríísà yín. Ká ní gbogbo wọn jọ ń jẹ yúníìtì 12 lóòjọ́. Lágbègbè yín, bí a bá kó gbogbo oòrùn ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹta jọ, ó tó wákàtí márùn-ún ààbọ̀ oòrùn kíkún, ìyẹn oòrùn tó mú dé góńgó. Ti oṣù Kẹjọ tó nǹkan bíi mẹ́rin. Ẹ yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò fún ooru, eruku, wáyà àti ínfátà. Bí pánẹ́ẹ̀lì yín bá jẹ́ wáàtì 400, mẹ́jọ á tó yín lóṣù Kẹta. Lóṣù Kẹjọ, mọ́kànlá ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí owó rẹ̀ dùn-ún gbọ́ létí yín máa fi oṣù Kẹta ṣe ìṣirò, á sọ fún yín pé mẹ́jọ ti tó, òótọ́ ló sì ń sọ, títí ẹja á fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn nígbà òjò. Ẹ ní kí ó kọ iye yúníìtì tí ohun tó fẹ́ tà á mú wá lóòjọ́ nínú oṣù Kẹjọ sílẹ̀, kí ó sì fọwọ́ sí i.

Ooru tí mo mẹ́nu bà yẹn, ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ọ́n. Wáàtì 400 tí wọ́n kọ sẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì, nígbà tí ara rẹ̀ bá wà ní ìwọ̀n 25 Celsius ni. Lórí páànù l'Ọ́fà lọ́sàn-án oṣù Kẹta, ó lè tó 60. Fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tó fi ju 25 lọ, ó ń pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta sí ìdajì ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ ṣírò rẹ̀, 400 ti di nǹkan bíi 330 sí 350. Nítorí náà, kí wọ́n má ṣe tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ páànù; kí àyè ìbú ọwọ́ kan wà lábẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè kọjá. Nígbà ọyẹ́, eruku á bò ó bí ẹ kò bá nù ún. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ fi omi nù ún, kì í ṣe ọ̀sán tí díńgí rẹ̀ ti gbóná janjan, kí ó má baà sán.

Bátìrì ló máa gba owó yín jù, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ ti fi ọgbọ́n dín in kù. Ẹja yìnyín ni ẹ ń tọ́jú, ẹ kò ní tan tẹlifíṣọ̀n. Ẹ rọ omi sínú kẹ́ẹ̀gì kéékèèké, ẹ má rọ ọ́ kún dé ẹnu kí ó má baà bẹ́, ẹ tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀ fíríísà. Lọ́sàn-án tí oòrùn bá mú, ẹ jẹ́ kí fíríísà ṣiṣẹ́ dé góńgó kí gbogbo omi yẹn di yìnyín gbagidi. Lóru, yìnyín yẹn ló máa mú ẹja tutù, bátìrì tí ẹ nílò á kéré sí èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún yín. Ẹ tì í pa, kí ọmọ má máa ṣí i wò. Bátìrì tí ẹ bá rà, inú yàrá tó tutù ni kí ó wà, kì í ṣe abẹ́ páànù. Bátìrì olómi tó bá ń gbé inú ooru lè má lò ju ìdajì iye ọdún tí wọ́n ní yóò lò lọ.

Ẹ má sì gé wáyà NẸ́PÀ kúrò o. Jẹ́bà, Zungeru àti gáàsì náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ìwọ̀n tí wọ́n bá lè ṣe, kí wáyà yẹn máa gba agbára sínú bátìrì ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ẹ ní, ẹ má tà á ní ọdún yìí.

Bí àwọn tó fẹ́ ṣe é bá ti fún yín ní ìwé iye owó, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó sanwó. Ibi tí wọ́n kọ bátìrì sí ni màá kọ́kọ́ wò.